Èyí Tó Wú àti Èyí Tó Jọ Wíwú

Ọ̀rọ̀ tí Alága ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdún, Lakpazee, Monrovia

   

Ọdọọdún ni alága máa ń sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé yìí. A ti sọ̀rọ̀ rí lórí ìwé ìgbélùú, a ti sọ̀rọ̀ lórí èsúsú, a ti sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń gbé òkú relé. Ti ọdún yìí, ojú ni. Ẹ má rò pé a ti di dókítà. Páátì mọ́tò ni a ń tà, ìwé mẹ́fà ni a kà kí a tó lọ kọ́ṣẹ́. Ohun tó kù tí a mọ̀, a bèèrè ni, a kà á ni, tàbí kí ojú wa ti rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ná ẹgbẹ́ wa lówó, ó sì ti ná ọ̀kan nínú wa ní ohun tí owó kò lè rà padà. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi ní kí a sọ ọ́ ní gbangba, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ọdún wa.

Ẹ óò rántí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ọlọ́dún 11 kan ní ọdún 2022. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Orí ń fọ́ ọ, kò rí ohun tí tíṣà ń kọ sójú pátákó dáadáa, bàbá rẹ̀ bá mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta awò ojú. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò tan iná sí i lójú, ó dákẹ́, ó tún wò ó. Ó ní orí iṣan tó wà lẹ́yìn ẹyinjú ọmọ náà ti wú lójú méjèèjì, ó ní ó lè jẹ́ pé nǹkan wà nínú ọpọlọ, kí wọ́n má jáfara. A kò bá ẹni yẹn wí. Ẹni tó rí èéfín tó kígbe iná, a kì í bá a jà. Ṣùgbọ́n ilé dàrú, ìyá ọmọ ń sunkún káàkiri àdúgbò, ìròyìn ti dé Duala kí ilẹ̀ tó ṣú pé ìyẹ́ ti hù nínú orí ọmọ. Ẹgbẹ́ dá 900 dọ́là láàrin ọjọ́ méjì. Àwọn tí kò san owó oṣù rí dá owó lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé ọmọ lọ sí Ìbàdàn.

Ní Ìbàdàn wọ́n kán oògùn sí i lójú kí ọmọ ojú lè là gbòòrò, wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn ojú, wọ́n fi ẹ̀rọ méjì mìíràn wò ó. Nígbà tó yá wọ́n ní kí bàbá rẹ̀ náà wá jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ó ya bàbá lẹ́nu, kò ráhùn ojú fún ẹnikẹ́ni. Ohun kan náà tó wà lójú ọmọ ni wọ́n rí lójú bàbá: èérún bí òkúta wẹ́wẹ́ tó sá pamọ́ sínú orí iṣan, tó ti orí iṣan náà sókè bí ẹni pé ó wú. Drusen ni wọ́n ń pè é. Ọmọ náà kò ríran súnmọ́ dáadáa, ìyẹn ló ń fọ́ ọ lórí. Awò ojú ni wọ́n fún un. Wọ́n ní kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kí wọ́n tún ya àwòrán mìíràn, wọ́n gbé àwòrán méjèèjì síra, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e, a dúpẹ́, a sì rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ò rẹ́rìn-ín o. Wọ́n ní 900 dọ́là lọ lórí awò ojú, wọ́n ní alága ń fi owó ẹgbẹ́ lé òjìji.

Ọ̀rọ̀ kejì ló ń dùn wá.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn, ìyàwó wa kan, ẹni ọdún 31, tó ń ta àǹkárá ní Waterside, wá bá ìgbìmọ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun láràárọ̀ bí òun bá ti jí. Ó ní bí òun bá bẹ̀rẹ̀ mú aṣọ nílẹ̀ tí òun sì nàró, ojú òun á ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á sì tún là. Ó ní òun ń gbọ́ ìró kan létí bí ìgbà tí omi ń sáré nínú páìpù, àgàgà lóru nígbà tí gbogbo ilé bá pa rọ́rọ́. Wọ́n ti yẹ ojú rẹ̀ wò níbì kan, wọ́n ní orí iṣan wú. Ó ní kí ẹgbẹ́ yá òun lówó kí òun lè lọ ṣe àyẹ̀wò tó kù. Kí ni a sọ fún un? Àwa tí a jókòó sórí àga yìí ni a sọ ọ́. A ní, "Ìyàwó wa, ṣé kì í ṣe irú ti ọmọ ọjọ́sí náà nìyí? Ẹ lọ sinmi, ẹ lo Panadol, ẹ jẹ́ ká ṣe Iléyá tán." Ó dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó lọ.

Iléyá kọjá. Ó lé ní oṣù méjì kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i láti Èkó. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, wíwú gidi ni. Wọ́n wo ọpọlọ rẹ̀, kò sí ìyẹ́ kankan níbẹ̀. Wọ́n wo àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ inú orí, wọn kò dí. Wọ́n wá gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn láti wọn omi tó yí ọpọlọ ká. Fún àgbàlagbà, bí ìfúnpọ̀ omi náà bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 25, ó ti pọ̀ jù. Tirẹ̀ lé ní 40. Ojú ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ti òsì ti jẹ ní etí. Oògùn tí wọ́n fún un àti ara tó fọn dá ìyókù dúró. Ohun tó ti lọ kò padà. Ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, òun ló sì ní kí a sọ ọ́. Ẹ̀bi wa ni. Kì í ṣe ti dókítà kankan.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bèèrè pé báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ èyí tó wú yàtọ̀ sí èyí tó jọ wíwú. Ohun tí a rí kọ́ nìyí.

Iṣan ìríran dà bí okùn kan tí fọ́nrán rẹ̀ tó bíi mílíọ̀nù kan, tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ. Awọ tó wé ọpọlọ náà ló wé e, omi tó yí ọpọlọ ká sì ń bá a dé ẹ̀yìn ẹyinjú. Bí omi yẹn bá pọ̀ jù nínú agbárí, tí ìfúnpọ̀ rẹ̀ sì le, á fún iṣan náà lọ́rùn. Ohun tó ń ṣàn nínú àwọn fọ́nrán kò ní rí ọ̀nà kọjá, á máa kó jọ sẹ́yìn ara wọn bí ọkọ̀ ṣe ń tò lórí Tubman Boulevard nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Orí iṣan á wú. Ó lè jẹ́ ìyẹ́ ló fà á, ó lè jẹ́ àìsàn awọ ọpọlọ, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dì nínú òpó tó yẹ kó máa kó ẹ̀jẹ̀ kúrò lórí. Ó sì wà tó jẹ́ pé kò sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, bíi ti ìyàwó wa yìí. Irú ìyẹn máa ń bá àwọn obìnrin tí wọn kò tíì dàgbà púpọ̀ tí wọ́n sì sanra jù. Àwọn oògùn kan tún máa ń fà á: Vitamin A àlòjù, àti ìdílé tetracycline àti doxycycline. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ra tetracycline lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé oògùn kiri nínú ọjà fún inú rírun àti fún gbogbo nǹkan, ẹ gbọ́ o.

Ìfúnpá náà ń wú orí iṣan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ru kọjá ààlà, dókítà tó yẹ ojú wò lè rí i níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fún ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé iṣan ojú rẹ̀ wú ni kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà nílé àwọn mélòó kan nínú wa, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Àwọn ajọra wá ńkọ́? Orí iṣan àwọn mìíràn kéré láti ìgbà tí a ti bí wọn, fọ́nrán inú rẹ̀ fún ara wọn, etí rẹ̀ kò hàn ketekete. Ó wọ́pọ̀ lójú àwọn tí kì í ríran súnmọ́. Ti àwọn mìíràn dagun, ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ti àwọn mìíràn sì ni drusen tí a ti sọ. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn òyìnbó ju àwa dúdú lọ, ṣùgbọ́n ó wà lára tiwa náà, ó sì máa ń tẹ̀ lé ìdílé. Nínú ojú ọmọdé ó máa ń sin jinlẹ̀, kò ní tíì le, tí dókítà bá fi iná lásán wò ó kò ní rí i, kìkì pé orí iṣan ga ni yóò rí. Bí ọmọ bá ń dàgbà, á máa yọ síta díẹ̀díẹ̀.

Ní ọdún 1851 ni Helmholtz, ọmọ Jámánì, kéde gíláàsì tí dókítà fi lè wo inú ojú ènìyàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ohun tí dókítà bá fi ojú ara rẹ̀ rí ló wà. Nígbà tí Latunde Odeku, ọmọ Àwẹ́, padà dé sí UCH ní Ìbàdàn ní ọdún 1962 láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, kò sí ẹ̀rọ CT níbikíbi láyé. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi wo orí aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wo bí wíwo ẹ̀yìn ojú ṣe ṣe pàtàkì tó nígbà náà. Ṣùgbọ́n ojú dókítà kan lè rí wíwú níbi tí ojú èkejì kò ti rí i. Àwa tí a ń ta páátì mọ yìí dáadáa. Ẹ gbé béárìnnì ojúlówó àti ayédèrú sórí tábìlì, páálí kan náà, àwọ̀ kan náà. Ẹni tó bá sọ pé òun fi ojú mọ̀ ọ́n, irọ́ ló ń pa. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, ẹ yí i, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ yìí. Fọ́tò ẹ̀yìn ojú ni àkọ́kọ́. Bí wíwú bá jẹ́ gidi, á bo àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké mọ́lẹ̀ ní etí orí iṣan, bí ìgbà tí ìkùukùu bo wáyà iná. Ẹ̀jẹ̀ lè ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti drusen, òpó ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń hàn gbangba gba orí rẹ̀ kọjá, etí rẹ̀ á rí kúndùkúndù. Agbára fọ́tò tó ga jù ni pé ó ṣeé tọ́jú. Ajọra kì í yí padà láti ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀. Wíwú gidi máa ń pọ̀ sí i tàbí kó dín kù.

Èkejì ni ẹ̀rọ tó ń lo ìró, ọmọ ìyá èyí tí wọ́n fi ń wo oyún. Wọ́n á gbé e lé ìpéǹpéjú tí a dì. Drusen tó ti le bí òkúta á tàn yòò nínú àwòrán. Bí wọ́n tilẹ̀ dín agbára ẹ̀rọ náà kù tí gbogbo ohun tó kù lójú ṣókùnkùn, òun nìkan á ṣì máa tàn. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọlọ́dún 11 nìyẹn, bàbá rẹ̀ sì sọ pé ìràwọ̀ kan ni òun rí lójú ẹ̀rọ.

Ẹ̀kẹta wà tí wọ́n ń fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ àwọ̀ ìyeyè kan lápá, tí wọ́n á wá máa ya fọ́tò ojú léraléra. Níbi tí iṣan bá ti wú gidi, àwọ̀ náà á máa jò síta bí epo ṣe ń jò lára ẹ́ńjìnnì tí síìlì rẹ̀ ti bàjẹ́. Ajọra kì í jò bẹ́ẹ̀. Ìtọ̀ ẹni tó ṣe é á pọ́n fún ọjọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù.

Èyí tí gbogbo ayé ń sọ báyìí ni OCT. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 1991. Ìmọ́lẹ̀ ló ń lò, kì í dunni, kò kan ara. Ó ń la ẹ̀yìn ojú ní ìpele ìpele bí ìgbà tí a la àlùbọ́sà, ó sì ń wọn bí ìpele fọ́nrán náà ṣe nípọn tó, pẹ̀lú ìwọ̀n tó jẹ́ pé 1,000 rẹ̀ ló ń jẹ́ mìlímítà kan. Irú rẹ̀ tó ń wo ibi jíjìn ló ń rí drusen tó sin. Ṣùgbọ́n òun náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ohun kan wà tó máa ń hàn yí orí iṣan ká bí òrùka tó wú, tí àwọn dókítà ti máa ń pè ní drusen tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2018 ni àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ jákèjádò ayé ti fẹnu kò pé kì í ṣe drusen. Ó lè wà lára ajọra, ó sì lè wà lára wíwú gidi. Nítorí náà ẹ̀rọ kan ṣoṣo kì í dájọ́. Kí ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ní drusen lè ní wíwú gidi lọ́jọ́ mìíràn. Drusen pàápàá lè jẹ etí ìríran díẹ̀díẹ̀, kí ọmọ wa yẹn máa lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti Bìrìtìkó, nítorí àwọn ará wa pọ̀ níbẹ̀. Ní ìlú Ipswich, ní oṣù kejì ọdún 2012, wọ́n yẹ ojú ọmọkùnrin ọlọ́dún 8 kan wò, wọ́n sì ya fọ́tò ẹ̀yìn ojú rẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan. Ní oṣù keje ọmọ náà kú. Omi ló kún inú ọpọlọ rẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n yà fi wíwú hàn. Ilé ẹjọ́ dá ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́bi ní ọdún 2016, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fagi lé ìdájọ́ náà ní ọdún 2017. A kò jókòó síbí láti tún ẹjọ́ náà dá. Ohun tó tẹ̀ lé e ni a fẹ́ kí ẹ gbọ́: ẹ̀rù ba àwọn tó ń yẹ ojú wò níbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ènìyàn púpọ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ajọra. Bí a bá bẹ̀rù jù, a ó ná owó lórí drusen. Bí a kò bá bẹ̀rù tó, ẹ ti mọ ìyókù.

Níbí wa, ilé ìwòsàn JFK kò jìnnà sí Lakpazee, ẹni tó bá lágbára lè rìn débẹ̀. Láti ọdún 2017 ni Liberia Eye Center ti wà níbẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn dókítà L V Prasad Eye Institute láti Hyderabad ní Íńdíà. Ní JFK kan náà ni wọ́n ti tọ́jú ọ̀rọ̀ ojú àwọn tó yè nínú Ebola, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ń ní ojú pípọ́n àti ojú ríro láti inú lọ́hùn-ún. Iná inú ojú irú bẹ́ẹ̀ náà lè wú orí iṣan. Ẹ tètè lọ síbẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ìgbìmọ̀ ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí a fẹ́ kí ẹ dìbò fún lónìí nìyí. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá sọ fún pé iṣan ojú rẹ̀ wú, owó fọ́tò àti ẹ̀rọ ìró yóò jáde lọ́jọ́ kejì láti inú àpò ìrànlọ́wọ́, láìdúró de ìpàdé. Akápò àti ọmọ ìgbìmọ̀ kan tó láti fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ pé ẹni náà ń bì, tàbí ó ń rí nǹkan kan ní méjì, tàbí ojú rẹ̀ ń ṣú bó bá dìde, tàbí ìró ń dún létí rẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, a kò ní sọ̀rọ̀ fọ́tò mọ́. Ilé ìwòsàn ńlá ni lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n wo ọpọlọ rẹ̀ kí wọ́n tó ronú abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Gbogbo àwòrán tí wọ́n bá yà, kí ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ fi sínú fóònù, kí ẹ fi ọjọ́ sí i. Bàbá ọmọ ọjọ́sí ṣì ní tirẹ̀. Ìyàwó wa kò gba ti àkọ́kọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ó sì tún fi ọ̀sẹ̀ kan ṣòfò.

Àwọn kan ti ń kùn pé bí a bá ṣe òfin yìí, drusen mẹ́wàá ni a ó san owó fún kí a tó rí wíwú kan. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Akápò wa ti ṣe ìṣirò rẹ̀, yóò kà á fún yín, bí a bá fi 50 dọ́là Làìbéríà kún owó oṣù ẹnì kọ̀ọ̀kan ó tó. Kí ẹ tó dìbò, ìyàwó wa ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ fúnra òun. Ẹ má jẹ́ kó gun orí pèpéle yìí o, kì í rí àtẹ̀gùn ní ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ gbé máìkì lọ bá a níbi tó jókòó sí.